Ọmọ Náà Ti Mọ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọ̀dọ́ Tó Ní Àrùn Jẹjẹrẹ

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí, olùkọ́ àti ọ̀dọ́ sọ nínú gbọ̀ngàn kan nítòsí Ìta Ẹlẹ́wà, ní Ìkòròdú, nìyí. Mo tún un tò díẹ̀ kó lè ṣe é kà.

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin tíṣà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kó ara yín jọ sẹ́yìn bí ẹni pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín, ẹ sún síwájú. Torí yín gan-an ni wọ́n ṣe pè mí.

Wọ́n ní kí n sọ ohun tí ọkàn ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún máa ń là kọjá nígbà tó bá ní àrùn jẹjẹrẹ, àti bó ṣe lè fara dà á. Nọ́ọ̀sì ni mí. Inú wọ́ọ̀dù ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi kí n tó fẹ̀yìn tì. Mi ò ní dárúkọ ọmọ kankan níbí, mo sì ti yí nǹkan díẹ̀ padà nínú ìtàn wọn kí ẹnikẹ́ni má bàa dá wọn mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Ọmọ tí ẹ ń fi orúkọ àrùn pa mọ́ fún, ó ti mọ̀. Ẹ kàn fi òun nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tó mọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sòótọ́. Nínú ilé wa, a kì í fẹ́ pe àìsàn ńlá lórúkọ. "Nǹkan tó wà lórúnkún ẹ̀ yẹn" la máa ń wí, tàbí "ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ tí kò tó". Bí dókítà bá fẹ́ là á mọ́lẹ̀, ìyá á ṣẹ́jú sí bàbá, bàbá á fa owó yọ, á ní kí ọmọ sáré lọ ra píọ̀ wọ́tà wá. Ọmọ ọdún 16! Á gba owó náà, á jáde, á sì dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Èyí tí kò bá gbọ́ níbẹ̀, á rí i lára bọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ Oncology, ìyẹn ẹ̀ka ìtọ́jú jẹjẹrẹ, sí lẹ́nu ọ̀nà, á tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Kí bọ́ọ̀sì tó dé Mile 12 nígbà tí wọ́n bá ń padà bọ̀ wálé, ó ti ka ohun tó lè dẹ́rù ba àgbàlagbà. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í, ó ń wo ìta. Òun ń wo fóònù. Wọn ò ní bá ara wọn sọ gbólóhùn kan títí wọ́n á fi sọ̀ kalẹ̀ ní Ìkòròdú.

Kì í ṣe àwa nìkan la ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, obìnrin onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Myra Bluebond-Langner, lọ jókòó ti àwọn ọmọ kéékèèké tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ń kú, àwọn àgbà kì í sì í sọ fún wọn. Ohun tó rí ni pé àwọn ọmọ náà mọ̀. Wọ́n ń wo oògùn tí wọ́n ń fún wọn, wọ́n ń wo ojú òbí, wọ́n sì ń mọ̀ nígbà tí ọmọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì kò bá padà wá mọ́. Wọn ò sọ ọ́ jáde torí wọ́n rí i pé àwọn òbí wọn kò lè gbà á. Òbí ń ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan nítorí ọmọ, ọmọ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí òbí.

Bí ọmọ kékeré bá lè mọ̀, ta ni yóò wá tan ọmọ tó ń múra fún WAEC? Ọmọbìnrin kan wà ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ṣiṣẹ́, tó máa ń dúró títí ìyá rẹ̀ á fi lọ ra oúnjẹ. Á wá fà mí láṣọ. "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé jẹjẹrẹ ni? Ẹ má sọ fún Mọ́mì pé mo béèrè o. Wọn ò ní lè sùn." Ìyá náà ti fi ọjọ́ mélòó kan bẹ̀ mí ṣáájú pé kí n má jẹ́ kí ọmọ gbọ́, torí kò ní lè sùn.

Báwo la ṣe wá ń sọ ọ́? Ẹ kọ́kọ́ béèrè ná. "Kí lo ti gbọ́? Kí ni ìwọ fúnra rẹ rò pé ó ń ṣe ọ́?" Ẹnu á yà yín. Ọmọkùnrin kan ní jẹjẹrẹ egungun lórúnkún. Irú èyí máa ń wọ́pọ̀ ní àsìkò tí ọmọ ń ga sókè, ìtòsí orúnkún ló sì ti máa ń yọ jù. Bọ́ọ̀lù ni ọmọ yìí ń gbá, nítorí náà gbogbo ilé gbà pé ó fẹsẹ̀ gbá nǹkan ni. Wọ́n fi àdí pa á, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun. Nígbà tí àyẹ̀wò wá fi ohun tó jẹ́ hàn, ọmọ ti dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́: bàbá rẹ̀ ní kó má lọ sí pápá mọ́, ó lọ, ohun tó fà á nìyẹn. Ó ti gbé e sínú fún oṣù mélòó kan pé ìyà àìgbọràn lòun ń jẹ. Bàbá náà kò mọ̀ rárá.

Bọ́ọ̀lù gbígbá kì í fa jẹjẹrẹ. Èyí tó pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ tó ń mú ọmọdé àti ọ̀dọ́, kò sí nǹkan kan tí ọmọ náà ṣe tàbí tí kò ṣe tó fà á. Kì í ràn nínú abọ́, kì í ràn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ fi ẹnu ara yín sọ èyí fún un, kí ẹ sì tún un sọ lọ́jọ́ mìíràn, torí ó lè máà bi yín.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá pe àrùn náà lórúkọ, kí ẹ sọ ohun tí dókítà fẹ́ ṣe, kí ẹ sì sọ èyí tí ẹ̀yin náà kò tíì mọ̀. Àwọn àgbà ní àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọmọdé àti ọ̀dọ́ bí 400,000, láti ọmọ ọwọ́ títí dé ọmọ ọdún 19, ni jẹjẹrẹ ń mú lọ́dọọdún ní gbogbo ayé. Ní ilẹ̀ àwọn olówó, ó lé ní 80 nínú 100 tó ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí kò lówó, wọn kì í tó 30. Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ wọn dára ju tiwa lọ. A máa ń pẹ́ kí a tó dé ilé ìwòsàn, wọ́n lè ṣì í pè ní àrùn mìíràn nígbà àyẹ̀wò, owó máa ń tán lójú ọ̀nà, ọ̀pọ̀ a sì dá ìtọ́jú dúró láàárín. Ní 2018, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ ètò kan pé nígbà tó bá fi di 2030, ó kéré tán 60 nínú 100 gbọ́dọ̀ máa yè é. Mi ò ní purọ́ fún ọmọ pé 80 ni tiwa. Ṣùgbọ́n mo lè sọ fún un, kí n sì wo ojú rẹ̀ sọ ọ́, pé àwọn tó ní irú ohun tó ní wà tí wọ́n ti parí ìtọ́jú, tí wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ òní.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sórí ohun tí ẹ̀yin òbí máa ń pè ní àṣejù. Ẹ mọ ọ̀nà láti ibí dé LUTH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìdí-Àràbà. Ọmọbìnrin kan wà, bí bọ́ọ̀sì BRT bá ti ń sún mọ́ Maryland báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Kò tíì dé ilé ìwòsàn o, kò sẹ́ni tó tíì gún un lábẹ́rẹ́. Ìyá rẹ̀ ní kò fẹ́ lọ ló ń fi èébì ṣe. Rárá o. Ọpọlọ rẹ̀ ti so ojú ọ̀nà yẹn, òórùn Dettol àti àwọ̀ ògiri wọ́ọ̀dù mọ́ èébì tó ń bì lẹ́yìn oògùn, ara wá ń bì ṣáájú. Àwọn dókítà mọ̀ ọ́n dáadáa, oògùn sì wà tí wọ́n lè ní kó lò kó tó kúrò nílé. Orin létí máa ń ran àwọn kan lọ́wọ́. Èyí tí kì í ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ni kí a máa bá a wí nínú bọ́ọ̀sì lójú gbogbo ènìyàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbínú. Lára oògùn tí wọ́n ń fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni prednisolone àti dexamethasone. Wọ́n máa ń jẹ́ kí ojú wú rìbìtì, kí ebi máa pa ọmọ lóru, kó bínú, kó tún bú sẹ́kún láìsí ìdí. Ìyá kan sọ fún mi pé ọmọ òun jí lóru, ní aago méjì, ó ní ìkọ́kọrẹ́ lòun máa jẹ. Ìkọ́kọrẹ́, ní aago méjì òru! Ìyá dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rin ewùrà. Kó tó rin ín tán, ọmọ ti ń sunkún pé ẹ wo bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun ṣe rí, òun ò jẹ nǹkan kan mọ́. Ẹ rẹ́rìn-ín, ó yẹ ní rírẹ́rìn-ín, àwọn méjèèjì náà rẹ́rìn-ín sí i níkẹyìn. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan tó ṣàlàyé fún ọmọ náà pé oògùn ló ń ṣe é, ó rò pé orí òun ti fẹ́ dàrú ni. Ẹ sọ fún ọmọ ṣáájú. Ẹ má sì fúnra yín dá oògùn náà dúró, ewu wà níbẹ̀. Oògùn pupa kan náà wà, doxorubicin, tó lè mú kí ìtọ̀ pọ́n fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ọmọ tí a kò kìlọ̀ fún á rò pé ẹ̀jẹ̀ lòun ń tọ̀, á sì dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ irun. Mo mọ̀ pé àwọn bàbá kan á ní irun lásán. Chemo, ìyẹn oògùn tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ, máa ń kọ lu gbogbo ohun tó bá ń yára hù lára, irun wà nínú wọn, ìdí nìyẹn tó fi ń já ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ó sábà máa ń hù padà lẹ́yìn ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ ọdún 15 bóyá "ó máa hù padà" tó o lówùúrọ̀ ọjọ́ tó jí tó rí ṣùkú rẹ̀ lápá kan lórí ìrọ̀rí. Ọmọ kan máa ń ṣa irun rẹ̀ tó já láràárọ̀, á ká a rogodo, á kó o sínú ọ̀rá dúdú kan tó tọ́jú sábẹ́ ìrọ̀rí. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Àǹtí rẹ̀ wá láti ilé, ó fẹ́ ṣàánú, ó yọ dígí kúrò lára ògiri yàrá rẹ̀ láì bi í. Ọmọ yẹn kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ fún ọ̀sẹ̀ náà, mi ò sì dá a lẹ́bi. Wọ́n ti gba ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gba oúnjẹ ìta, àrùn gba irun, ẹnì kan tún wá gba dígí. Ohun tó tù ú nínú níkẹyìn ni pé ó fúnra rẹ̀ yan Sátidé kan, ó ní kí wọ́n bá òun pe onídìrí tó ti ń di irun òun láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kó wá gé e. Obìnrin náà gé e, ó gba owó rẹ̀ bí ó ti máa ń gbà á, ó ní, "Bó bá hù, o mọ ilé mi."

Ẹ rí i, ọ̀dọ́ kò ní agbára kankan lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i. Ẹ wá ohun tó lè yàn. Apá wo ni kí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀? Ta ló fẹ́ kó tẹ̀ lé òun lọ, ṣé Mọ́mì ni àbí bọ̀dá? Ṣé kí ìyá jáde díẹ̀ kó lè bá dókítà sọ̀rọ̀ lóun nìkan? Ìbéèrè kan wà tí wọn kì í bi níwájú òbí: "Ṣé màá lè bímọ lọ́jọ́ iwájú?" Àwọn oògùn kan lè ba agbára ọmọ bíbí jẹ́, àwọn mìíràn kì í bà á jẹ́, ohun tó sì ṣe é ṣe sí i kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀ pọ̀ ju ohun tó ṣe é ṣe lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin òbí, ẹ bá a béèrè ní kùtùkùtù. Kì í ṣe ìwà ìbàjẹ́.

Ìgbà tí mo máa ń bẹ̀rù jù kì í ṣe ìgbà tí ọmọ wà ní wọ́ọ̀dù. Ìtọ́jú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan tó wọ́pọ̀ máa ń gba ọdún méjì sí mẹ́ta, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ oògùn lílò nílé. Irun ti hù, ojú ti fọn, àwọn ará ilé ti ṣe ìdúpẹ́, ọmọ ti padà sílé ẹ̀kọ́. Ó wá ń fi oògùn sílẹ̀. Kì í ṣe oríkunkun nìkan. Bó ṣe ń gbé e mì lójoojúmọ́ ló ń rán an létí ohun tí gbogbo ilé ti pinnu láti gbàgbé. Àrùn náà sì lè padà nítorí rẹ̀. Bí ẹ bá rí oògùn lábẹ́ ibùsùn, ẹ má pariwo. Ẹ jókòó, kí ẹ bi í pé kí ló ń ṣe é nígbà tó bá fẹ́ lò ó.

Owó ńkọ́? Àwọn ọmọ ń gbọ́ nígbà tí ẹ bá ń ta ilẹ̀. Ọmọkùnrin kan ní kí a jẹ́ kí òun máa lọ sílé kí àbúrò òun lè san owó JAMB. Ẹ má bá a jiyàn lórí iye owó, ẹ sọ fún un pé iṣẹ́ àgbà ni, ẹ̀yin lẹ ó ṣe é. Ní ti àdúrà, èmi náà ń gbàdúrà, mo sì ti rí i tí àdúrà gbé ọmọ dúró. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin àlùfáà tó wà níjòókòó, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní: ẹ má sọ fún ọmọ tó ń ṣàìsàn pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó, tàbí pé ìyá bàbá rẹ̀ ló wà nídìí ọ̀rọ̀. Ọmọ á wá máa sá fún ìyá àgbà tó ń fún un lẹ́kọ. Mo ti rí i.

Àwọn kan fẹ́ràn láti máa fi Terry Fox gba ọ̀dọ́ níyànjú. Ọmọ Kánádà ni. Ọmọ ọdún 18 ni ní 1977 nígbà tí wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ nítorí jẹjẹrẹ egungun. Ní 1980 ó fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá sáré fún ọjọ́ 143 láti kó owó jọ fún ìwádìí jẹjẹrẹ, ó lé ní kìlómítà 5,000, kí àrùn tó yọ nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ó kú ní 1981, ọmọ ọdún 22. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ó sú mi bí a ṣe ń di ẹrù akíkanjú lé gbogbo ọmọ tó ń ṣàìsàn lórí. Àwọn ọmọkùnrin ló máa ń pa lára jù: "Ọkùnrin kì í sunkún." Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ọmọ tó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì láìsáré lọ síbì kankan, tó sunkún tó sì tún na apá fún abẹ́rẹ́, ó ti ṣe tirẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn Terry Fox ni pé ìyà tó rí lára àwọn yòókù ní wọ́ọ̀dù ló mú un sáré. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ń dá ọ̀rẹ́ sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, àwọn ọ̀rẹ́ náà a sì máa kú nígbà mìíràn. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má sọ pé wọ́n ti gbé e lọ sílé ìwòsàn mìíràn.

Ìbànújẹ́ kì í ṣe àìsàn, ó yẹ kó wà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kò bá sùn, tí kò jẹun, tí kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni, tí ohun tó máa ń dùn mọ́ ọn kò dùn mọ́ ọn mọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ sọ fún dókítà, ẹ ní kó bá yín wá onímọ̀ nípa ọpọlọ àti ìrònú. Bó bá ní ikú sàn, ẹ bi í ní tààrà bóyá ó ń ro láti pa ara rẹ̀. Bíbéèrè kì í fi í sí i lọ́kàn. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ lọ́jọ́ náà.

Mo dákẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè. Ọmọkùnrin kan tó wọ yúnífọ́ọ̀mù dìde láti ẹ̀yìn. Ó ní ọmọ kíláàsì àwọn kan wà nílé ní Àgíríìkì, àwọn kò mọ ohun tí àwọn máa sọ fún un, àwọn kò wá lọ mọ́.

Mo ní: Ta ni nínú yín tó ń wúkọ́, tàbí tí imú ń ṣe? Kí ìyẹn dúró sílé, torí oògùn máa ń dín ohun tó ń bá àrùn jà nínú ẹ̀jẹ̀ kù. Ẹ̀yin yòókù, ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó wọlé. Ẹ mú nóòtì Biology dání, ẹ sọ ẹni tí wọ́n lù lórí ìlà àti ìdí tí wọ́n fi lù ú. Ẹ má bi í pé "báwo lara?" ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bó bá fẹ́ sọ nípa àrùn náà, ẹ jẹ́ kó sọ, kí ẹ má yí ọ̀rọ̀ padà. Bó bá ní kí ẹ máa lọ, ẹ máa lọ, kí ẹ sì tún padà wá.

Ó ní, "Ṣé a lè lọ lónìí mà?"

Mo ní kó kọ́kọ́ pe ìyá ọmọ náà.